Ilé Tó Ń Dá Wọn Lóhùn

Ní ayé ìgbà tí à ń wí yìí, ilé ló ń dáhùn ìkíni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìyàwó ilé á kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ìyá ọkọ rẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ṣé ẹ jí ire?" Ògiri á dá a lóhùn, pẹ̀lú ohùn ìyá ọkọ gan-an, "Mo jí o, ìyàwó mi. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ àbígbẹ̀yìn ti ń lọ sílẹ̀?" Ìyàwó á dúpẹ́ lọ́wọ́ ògiri, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún, á kọjá sẹ́nu ọ̀nà tó kàn. Ìyá ọkọ tí wọ́n ní ó jí yìí, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà lórí ẹní tó ń hanrun.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó kọ́ ilé ní ọ̀rọ̀ sísọ kì í ṣe aláwàdà. Ìbíyẹmí lorúkọ rẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ ni ní Iléeṣẹ́ Ìtura ní olú-ìlú, ẹ̀mí ìyá rẹ̀ ló sì ń wá ọ̀nà láti dá sí.

Ojú ọjọ́ ti bàjẹ́ tipẹ́ nígbà náà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn a máa pa ewúrẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n so ó sí. Bí ọyẹ́ bá sì dé, omi inú ìkòkò á dì gbagidi. Àwọn àgbà ni ooru àti òtútù wọ̀nyí ń mú lọ jù. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ṣe Amúlérọ̀. Àárín agbo ilé ni wọ́n ń ri ẹ̀rọ yìí mọ́lẹ̀ sí, tí àwọn ọ̀pá rẹ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀ wọ iyàrá kọ̀ọ̀kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á fa ooru inú ilé, á lọ kó o pamọ́ sínú ilẹ̀. Nígbà ọyẹ́, á tún hú ooru náà jáde, á dá a padà fún onílé. Ẹ̀rọ tó dára ni, a ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Owó rẹ̀ ló ga. Ìjọba wá kéde owó ìdápadà: agbo ilé tó bá ra Amúlérọ̀, ìjọba á dá ìdajì owó náà padà fún wọn, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní na etí? Owó tó ti jáde lápò tó tún mọ ọ̀nà ilé padà, àwọn bàbá wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í fúnni lẹ́ran kó má fi eegun sí i. Ilé gbọ́dọ̀ dí pinpin. Wọ́n á fi oje dí ojú fèrèsé, wọ́n á sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní aṣọ́lẹ̀kùn sórí ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kó máa ka iye ìgbà tí ìlẹ̀kùn bá ṣí. Ìlẹ̀kùn tó bá ń ṣí ṣáá ń fi ìtura ṣòfò, owó ìdápadà á sì dínkù. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni gbogbo agbo ilé ń lò, ìlẹ̀kùn ẹnì kan lè ba owó gbogbo ilé jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn yìí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Agbo Ilé Jagùn, ní ìlú Òkè-Ìṣà, níbi tí wọ́n ti bí Ìbíyẹmí. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, Ẹnjiníà Olúgbódi, bá a wá sílé láti ṣàlàyé fún àwọn àgbà. Baálé Àkànjí, àbúrò olóògbé tó bí Ìbíyẹmí, ló gbẹnu sọ fún àwọn ará ilé.

"Ẹ̀rọ yín dára," Baálé wí. "Ṣùgbọ́n nínú ilé yìí, kò sí ọmọ, kò sí ìyàwó, tí kì í yí ẹnu ọ̀nà gbogbo àgbà ká láràárọ̀ kó tó dáwọ́ lé ohunkóhun. Bí wọ́n bá sì kí mi, mo gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn kí n rí wọn. Mélòó lẹ fẹ́ kí aṣọ́lẹ̀kùn yín kà?"

"Ẹ lè máa kí ara yín lórí okùn ohùn, bàbá," Olúgbódi dáhùn. Okùn ohùn ni wọ́n fi ń bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ nígbà náà.

"Okùn ohùn wà fún ẹni tó rìnrìn àjò. Ẹni tó bá ń bá mi gbé inú ọgbà kan náà, tó wá ń fi okùn kí mi, ìwọ̀sí ló fi lọ̀ mí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Ẹnjiníà."

"Bàbá, ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àgbà mélòó lẹ sin nínú ilé yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Baálé dọ́kàn, nítorí ìyàwó tirẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n sin. Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó ní àwọn ò ṣe, kí ìjọba máa gbé owó rẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ ni Ìbíyẹmí ń wò ní gbogbo àkókò yìí. Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbíyẹmí ni gbogbo ilé ń pè é. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ó sì ti kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní tẹ̀ lé ọmọ lọ sí olú-ìlú, pé ibi tí ọkọ òun sùn sí lòun náà á sùn sí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ooru ti dá a dùbúlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rò pé kò ní dìde mọ́. Ìbíyẹmí mọ̀ pé bí Agbo Ilé Jagùn bá kọ Amúlérọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn á gba ìyá òun lọ́wọ́ òun.

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀, bàbá," ó wí, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí Baálé tó gbẹ́sẹ̀. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ẹ jẹ́ kí n wá bí ìlẹ̀kùn á ṣe wà ní títì tí kíkí ò sì ní dúró."

Baálé wò ó títí. Ó padà jókòó.

Ohun tí Ìbíyẹmí ṣe nìyí. Ó fi ohun kan sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó pè é ní Ẹnu-ilé. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ síta tó kí, ohùn rẹ̀ á wọlé. Bí àgbà inú ilé bá fèsì, ohùn tirẹ̀ náà á jáde. Ìlẹ̀kùn ò ní ṣí, orúnkún á sì kanlẹ̀ bó ṣe yẹ. Ara Baálé rọ̀, wọ́n ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ilé tutù minimini. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé tó tún lọ, wọn ò gbẹ́ ilẹ̀ fún ẹnì kankan ní Agbo Ilé Jagùn.

Àfi bí oorun ṣe wá di ìṣòro. Àwọn àgbà tí ooru ti máa ń lé dìde ní ìdájí wá ń sùn nínú ìtura títí oòrùn fi ń ga. Wọ́n á kí wọn, wọn ò ní gbọ́. Ẹ sì mọ̀ pé kí wọ́n kí èèyàn kó má dáhùn, ìjà ló ń fà. Ìyàwó kan sunkún lọ bá àwọn òbí rẹ̀ pé ìyá ọkọ òun ti kọ òun. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá ara wọn yodì, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ ẹnì kejì. Nígbà tí Ìbíyẹmí tún wálé, Baálé fúnra rẹ̀ ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àjọkẹ́," ó fi oríkì pè é, "àgbà kì í jẹ́ kí kíkí bọ́ sílẹ̀. Ṣé ilé yìí ò lè máa bá wa dáhùn, bí wọ́n bá bá wa lójú oorun?"

"Kò ní jẹ́ ẹ̀yin lẹ fèsì, bàbá."

"Ohun tí mo bá fẹ́ sọ náà ni yóò sọ. Kí ni mo ń sọ láràárọ̀ ju pé mo jí, ọmọ ńkọ́, ilé ńkọ́?"

Kò purọ́. Ìkíni àárọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n lórí. Ìbíyẹmí gba ohùn àgbà kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ. Ó kọ́ Ẹnu-ilé ní oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Ó ṣe é dáadáa débi pé ẹ̀rọ mọ ibi tó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ò lè mọ ẹni tó sùn yàtọ̀ sí ẹni tó kàn lọ́ra láti fèsì, nítorí náà ó jẹ́ kí ilé máa yára dáhùn. Kí ohùn méjì má sì baà kọlu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣe é pé bí ilé bá ti ń sọ̀rọ̀, ohùn ẹni tó wà nínú ilé ò ní jáde. Nǹkan kékeré ni lójú rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bó ti ń so àwọn okùn náà pọ̀.

Inú gbogbo ilé dùn, àfi ìyá rẹ̀.

"Èmi ò fẹ́ kí nǹkan kan máa bá mi jí," ó wí. "Bí wọ́n bá kí mi tí mi ò dáhùn, kí wọ́n wá wo ohun tó ṣe mí. Ṣebí ìdí tí wọ́n fi ń kí èèyàn nìyẹn."

Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín, ó ní màmá òun náà ti darúgbó, ó sì fi Ẹnu-ilé rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá ò yé ṣílẹ̀kùn. Bí ọmọ kan bá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí Ẹnu-ilé ń ki oríkì fún un lọ́wọ́, ìyá á ṣílẹ̀kùn gbàgà, á yọjú, á ní, "Èmi rèé, ẹ fi ògiri sílẹ̀." Ọmọ á rẹ́rìn-ín, ìtura á jáde, aṣọ́lẹ̀kùn á kà á. Owó ìdápadà Agbo Ilé Jagùn bẹ̀rẹ̀ sí dínkù, ìkùnsínú sì bẹ̀rẹ̀. Baálé bá ìyá sọ̀rọ̀ títí, kò gbọ́. Ni wọ́n bá fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Ìbíyẹmí wí fún un lórí okùn ohùn. "Ojú ń tì mí. Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ wálé, ìyá mi ló tún ń ba owó gbogbo ilé jẹ́. Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún wọn mọ́. Nítorí tèmi."

"Ó dáa, Àjọkẹ́," ó wí. "Nítorí tìẹ."

Láti ọjọ́ náà, kò yọjú sí ẹni tó kí i mọ́. Ìgbà tó bá fẹ́ lọ pọn omi níta nìkan ló ń ṣílẹ̀kùn. Àwọn ará ilé yìn ín pé ó gbọ́ràn.

Ìbíyẹmí náà ń kí i láràárọ̀ láti olú-ìlú kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, okùn ohùn rẹ̀ sì ń gba inú Ẹnu-ilé kọjá bíi ti gbogbo ará ọ̀nà jíjìn. Nígbà mìíràn ìyá ló ń dáhùn, nígbà mìíràn ilé ni. Níbẹ̀rẹ̀, Ìbíyẹmí a máa fi ìbéèrè kan tí ilé ò lè mọ̀ há ọ̀rọ̀ náà láàárín, bíi ọbẹ̀ tí ìyá sè lánàá, kó lè dá a lójú pé ìyá òun lòun ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó jáwọ́. "Mo jí ire, Àjọkẹ́. Ìwọ náà jí? Ṣé o ti jẹun?" Ohùn ìyá rẹ̀ ni, ó ń dùn ún gbọ́, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iléeṣẹ́ Ìtura ò jẹ́ kí ọgbọ́n yìí parí sí Òkè-Ìṣà. Wọ́n ní agbo ilé tó bá fẹ́ owó ìdápadà níbikíbi nílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní Ẹnu-ilé. Olúgbódi gba ìgbéga. Ó wá dá a lábàá pé kí wọ́n lọ bọlá fún Agbo Ilé Jagùn, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, òun àti Ìbíyẹmí sì wọ abafẹ́fẹ́rìn, ọkọ̀ tí kì í fẹsẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n gúnlẹ̀ sí Òkè-Ìṣà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀.

Gbogbo ilé jókòó sójúde. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn tí ògiri kan ṣoṣo pààlà iyàrá wọn ń di mọ́ ara wọn bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ìbíyẹmí wò yíká, kò rí ìyá rẹ̀.

"Mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀, ó sì dá mi lóhùn dáadáa," Baálé wí fún un. "Bóyá ó ń múra. O mọ obìnrin."

Olúgbódi dìde, ó gbé ẹ̀bùn kan tí wọ́n fi aṣọ dídán bò dání. Ó ní nínú gbogbo ìlẹ̀kùn tó wà ní Òkè-Ìṣà, ọ̀kan ta yọ. "Láti ọjọ́ Ajé títí di ìsinsìnyí, ìlẹ̀kùn náà ò ṣí rárá, kò fi ìtura ṣòfò bó ti wù kó kéré mọ. Ìlẹ̀kùn Ìyá Ìbíyẹmí ni. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún wọn."

Àtẹ́wọ́ sọ. Baálé ń mi orí pẹ̀lú ìdùnnú. Ọwọ́ Ìbíyẹmí náà pàdé, ó sì dúró sí ibi tó ti pàdé. Ìta ni ẹ̀rọ omi wà. Ẹni tí kò ṣílẹ̀kùn láti ọjọ́ Ajé, níbo ló ti ń rí omi mu?

Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó gbá ìlẹ̀kùn. "Màmá."

"Àjọkẹ́ mi," ilé dáhùn, "ṣé dáadáa lo dé? Ṣé o ti jẹun?" Ó sì rẹ́rìn-ín bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọkùnrin ilé ló bá a já ìlẹ̀kùn náà. Inú iyàrá tutù, ó tura, Amúlérọ̀ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìṣe àṣìṣe. Ìyá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ibùsùn àti ìlẹ̀kùn, egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́. Omi díẹ̀ tó kù nínú korobá tó fẹ́ gbé lọ pọn omi ló fi ń rin ẹnu láti ìgbà tó ti ṣubú. Ó ṣì ń mí.

Wọ́n rọra gbé e jáde sójúde kí ọkọ̀ ọsibítù tó dé. Baálé jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bìkítà fún agbádá.

"Ìyàwó wa," ó wí, "à ń kí yín láràárọ̀. Kí ló dé tí ẹ ò pè wá?"

"Mo pè yín, ọkọ mi." Wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó ń sọ. "Gbogbo ẹni tó kí mi ni mo dá lóhùn. Mo ní mo ti ṣubú. Ilé ń sọ̀rọ̀ bò mí mọ́lẹ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń wí fún yín pé mo jí ire."

Kò sí ẹni tó lè wo ojú ẹnì kejì. Ìyàwó ilé kan tó ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an fi ìborùn bo ojú. Olúgbódi ṣì di ẹ̀bùn mú, ó ń wá ibi tó máa gbé e sí.

Ní ọsibítù, àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tó ṣubú ni wọ́n ti gbé e wá ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ìbíyẹmí jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, èmi náà kí yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì kí yín lánàá."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ìyá là ojú. "Tìẹ ni mo dúró dè jù, torí mo ní ìwọ á mọ̀. Mo sọ fún ẹ pé eegun mi ti ṣẹ́, kí o pe ẹnì kan fún mi. O ní, 'Ẹ ṣé, màmá. Inú mi dùn pé ara yín le.'"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ń fi àtàǹpàkò pa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ ìkókó, ìyẹn gan-an ni Ìbíyẹmí ò lè gbà mọ́ra. Ì bá sàn fún un kí ìyá gbé e ṣépè. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, ìyá ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Baálé fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa Ẹnu-ilé tu kúrò lára ògiri rẹ̀, gbogbo ilé sì ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Owó ìdápadà wọn dópin lọ́jọ́ náà. Ìbíyẹmí lọ bá Olúgbódi ní olú-ìlú, ó ní kí wọ́n yọ Ẹnu-ilé kúrò ní gbogbo ilé tó wà nílẹ̀ yìí.

Olúgbódi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti lẹ́kún lójú kí Ìbíyẹmí tó sọ̀rọ̀ tán. "Bí a bá yọ ọ́, wọ́n á tún máa ṣílẹ̀kùn," ó wí. "Owó ìdápadà á wọmi, wọn ò ní lè san owó ẹ̀rọ, àwọn àgbà á sì tún máa kú sínú ooru. Àgbà mélòó lo fẹ́ ká sin, Ìbíyẹmí?"

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà náà ní láti ìlú dé ìlú ló ń lọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á wọ agbo ilé tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, á kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà àgbà, á kí i. Ilé á ní òun jí ire, á béèrè ọmọ, á béèrè ilé. Ibòmíràn wọ́n a máa lé e, torí ó ń ba owó wọn jẹ́. Ibòmíràn wọ́n a ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ìbíyẹmí ò ní bá wọn jà, kò sì ní dìde lórí ìkúnlẹ̀. Á ní, "Ilé, ìwọ kọ́ ni mo kí," á tún fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kùn, á sì dúró níbẹ̀ títí ẹni tó wà nínú á fi ṣí i.